Eré Kan Péré Sí I

Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ 2003

A ti dé São Jorge, erékùṣù wa. Láti Terceira ni òkun ti ń fì wá bí atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ̀wà. Idalina ìyàwó mi ń bì sínú ọ̀rá. Èmi jókòó sí iwájú rẹ̀, mò ń jẹ búrẹ́dì, mo sì rọra ń jẹ ẹ́. Nígbà tí a gúnlẹ̀, agbẹ́rù kan na ọwọ́ sí i. Mo ní, "Rọra o, ìyá mi nìyẹn, wọn ò lágbára mọ́." Ló bá ń pè é ní ìyá àgbà títí a fi wọ mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún méjì ju obìnrin náà lọ! Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi fẹ́ máa ro mí.

Ìyẹn kì í ṣe eré. Àṣìsọ ni. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ kí á tó wọ bàálù ní Kalifóníà. Ọmọ wa Lídia ló san owó ọkọ̀, ó ní a ti fún wàrà màlúù olówó tó, ká lọ sinmi nílé. Bí a ṣe ń tò láti wọlé, Ìkùnsínú (orúkọ tí mo sọ ìyàwó mi nìyẹn, ó mọ̀ ọ́n, kò fẹ́ ẹ) di apá aṣọ mi mú. Ó ní, "Belmiro, mo ti darúgbó kọjá yẹ̀yẹ́ rẹ. Eré kan péré sí i, n kò ní bá ọ padà. Ọ̀dọ̀ Filomena ni màá kú sí." Filomena ni àbúrò rẹ̀, opó oníwàràkàṣì. Mo ní mo gbọ́. Ta ni kì í gbọ́? Ọdọọdún ló ń sọ ọ́.

Ajé, 4

Ilé tó dára. Òkun níwájú, ọgbà kókò lẹ́yìn, òkè gàgàrà lórí wa bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀. Òkè Pico lódìkejì omi, ó dé fìlà ìkùukùu. Filomena ń gbé lójú títì kan náà, ilé rẹ̀ la ti jẹun. Ó wò mí, ó ní, "Belmiro, o ò tíì kú?" Mo ní ìwọ ni mò ń dúró dè.

Ọjọ́bọ̀, 7

Jẹun. Sùn. Jẹun. Ìkùnsínú ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì apẹja.

Àìkú, 10

Omi lónìí — inú ihò òkúta tí òkun kì í ti í jà. Ó ká aṣọ dé orúnkún, ó wọ inú rẹ̀, ó ké bí ọmọge nítorí òtútù. Gaudêncio, kompadre mi, òun ló gbé Lídia lọ ṣe ìrìbọmi, jókòó lórí àpáta pẹ̀lú ìgò wáìnì. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ṣì rẹwà, ìwọ ọ̀bọ." Idalina gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé oorun tí òun ń sùn níbí, òun kò sùn irú rẹ̀ rí ní Kalifóníà.

Bàtà rẹ̀ wà lórí àpáta. Mo mú un, mo tún gbé e kalẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi títí a fi délé.

Ẹtì, 15. Àjọ̀dún Màríà

Kí n rántí eléyìí dáadáa.

Láti àná ni fadá ti ń bẹ Ìkùnsínú kó wá kọ orin àjọ̀dún. Nígbà ọmọge rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ọjọ́ òní. Ó ti ń dá a kọ nínú ilé ìdáná. Ó po omi oyin mu. Ó lọ aṣọ.

Mo gbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ti ìsàlẹ̀, mo rì í sínú àwo ìkarahun lapa, ìgbín òkun tí a jẹ lálẹ́ àná. Agogo ń lù. Ó ń wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ ìrọ̀rí, inú àwo ìfọwọ́. "Belmiro, ṣé o rí i?" "Rí kí ni?" Agogo tún lù. Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, fadá pè é. Ó mi orí. Filomena ti í lẹ́yìn, ó ní, "Kọ ọ́ o jàre, gbogbo ilé ń retí." Ó dìde. Ohun tó jáde dà bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Èmi ni ẹni náà.

Nígbà tí a jókòó síbi oúnjẹ, mo fa eyín yọ láàárín ìkarahun. "Ẹ wá wo lapa tó ń rẹ́rìn-ín!" Gaudêncio bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú Idalina, ó pa ẹnu dé. Obìnrin náà fọ eyín rẹ̀, ó fi í sẹ́nu, ó jẹun rẹ̀ tán.

Eré tó gbámúṣé ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò gbámúṣé.

Àbámẹ́ta, 16

Ó sọ̀rọ̀ nídìí kọfí. Ó ní, "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo kọ orin yẹn kẹ́yìn." Mo ní, abájọ tó fi ti kan. Kò bínú. Ó ní, "Èyí, mo ti fi ta Màríà lọ́rẹ. N kò ní kà á. Ṣùgbọ́n ó parí síbẹ̀, Belmiro. Kò ku ọ̀kan."

Mo ní ṣé Màríà náà ní eyín? Ó dìde, ó lọ fọ aṣọ.

Ìṣẹ́gun, 19

Òjò. Mo ta káàdì pẹ̀lú Gaudêncio, mo rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀. Ó ní, "Kompadre, ọjọ́ tí o bá kú, a ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gún ọ wò."

Ọjọ́rú, 20

Ọ̀la ni eré màlúù olókùn, tí wọ́n ń fi okùn gígùn tú akọ màlúù sí títì. Wọ́n ti ń kan pákó mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ilé. Ìkùnsínú kórìíra ọjọ́ yìí láti kékeré, màlúù ti lé e wọ inú kànga gbígbẹ rí. Ó ní orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Filomena lòun yóò wà, lẹ́yìn pákó, òun kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí báńgà ìkẹyìn yóò fi dún.

Báńgà. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn láti àárọ̀.

Zeferino ló ń yìn ín, àti baba rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Esùsú gígùn tí wọ́n so ẹ̀tù mọ́ lórí, a fò sókè a bú. Ọ̀kan dún: màlúù ti jáde. Èkejì dún: màlúù ti wọ àpótí, ọ̀nà ti dára. Kò sí ẹni tí í yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò gba àlùfáà gbọ́ ní erékùṣù yìí gba báńgà gbọ́.

Mo lọ kí Zeferino. Ó ń ka báńgà rẹ̀ sí ìdì bí ìyàwó tuntun tó ń ka ṣíbí. Ó yà lọ tọ̀ sẹ́yìn ògiri. Ìdì náà fi ọ̀kan dín.

Mo ti rò ó dáadáa. Ìkìlọ̀ tí Ìkùnsínú ṣe fún mi, òun nìkan ló kàn. Èyí, gbogbo àdúgbò ni mo fẹ́ fi ṣeré. Kò lè kà á.

Àwọn orúnkún méjèèjì tí Ìkùnsínú máa ń sọ pé wọ́n ń ro òun yẹn, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ṣì rántí sáré ni.

Ọjọ́bọ̀, 21

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Màlúù kejì ni, dúdú, bọ́ọ̀lù idẹ lórí ìwo rẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun di okùn mú, ó wọ́ wọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ò rí wọn mọ́. Mo ti sọ fún Gaudêncio pé bí báńgà bá ti dún, kó bá mi bu ọtí wá láti ilé òdìkejì. Mo yọ́ gba inú ọgbà kókò wa. Mo fi igi báńgà náà gún ilẹ̀, mo ṣá iná sí i.

Ó fò. Ó bú. Ó dára gan-an.

Mo sáré padà wá wòran. Gbogbo èèyàn ti ń bọ́ sílẹ̀ láti orí ògiri, wọ́n ń gbọn ìdí, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ Filomena. Idalina kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó. Èmi ló ń wò.

Gaudêncio wà láàárín títì pẹ̀lú ife méjì. Ó gbé e sókè, ó ní, "Belmiro! Ọtí rẹ rè é o, ọ̀lẹ!"

Màlúù yọ níkọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Gaudêncio kò yí ẹ̀yìn wò. Kí ló máa yí wò? Báńgà ti dún.

Ẹtì, 22

Egungun ìhà mẹ́rin ló ṣẹ́ lára Gaudêncio. Apá òsì. Wọ́n ní kò ní kú. Àwọn aláṣọ funfun ló fa okùn tí màlúù kò fi padà sórí rẹ̀.

N kò rí igi báńgà náà. Ó bọ́ síbì kan láàárín kókò. Mo wá a láàárọ̀, mo tún wá a lọ́sàn-án. Ìkùnsínú ń sá aṣọ. Ó ní, "Kí lo sọ nù?" Mo ní bọ́tìnnì.

Filomena sọ ọ́ nídìí oúnjẹ: "Nígbà tó dún, mo ní, Idalina, ó yá, sọ̀kalẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní, ṣé o ò gbọ́ báńgà ni? Ó ní òun gbọ́." Ìyàwó mi ń fá eegun ẹja. Kò gbé ojú sókè.

Àìkú, 24

Zeferino ni wọ́n mú. Wọ́n ka ìdì rẹ̀, ọ̀kan dín, wọ́n ní ó ti yìn ín ṣáájú àsìkò, ọjọ́ ogbó ti dé sí i. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn, alága àjọ̀dún ní kó kó ìyókù wá, kó má ṣe fọwọ́ kan báńgà mọ́ láyé. Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó ní, "Ọwọ́ mi kọ́. Mo fi baba mi búra, ọwọ́ mi kọ́." Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ojú rẹ ni nígbà náà."

Gbogbo wọn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í bá mi lára mu. Mo ní, "Zeferino, bóyá ńṣe lo fi tanná sìgá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó pọ̀ gan-an. Zeferino dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ìkùnsínú dúró nídìí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìkùnsínú kankan lójú rẹ̀. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́.

Ajé, 25

A lọ kí Gaudêncio ní ọsibítù. Ó ní, "Kompadre, má pa mí lẹ́rìn-ín, àyà ń dùn mí." Mo pa á lẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 26

A jókòó sórí ògiri iwájú ilé, à ń wo Pico. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ lónìí, ó hàn rekete. Ìkùnsínú ní, "Belmiro." Mo ní, "Ìyá mi." Kò ka ìyẹn sí. Ó ní, "Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi?"

Mo wo òkun. Mo ní rárá.

"Fún Zeferino ńkọ́? Fún Gaudêncio?"

Mo ní kí Zeferino lọ ra awò. Ó rọra gbá mi lórúnkún, ẹ̀ẹ̀mejì, bí a ti í gbá ajá àgbà. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wọlé lọ din ẹja.

Mo bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ó ń kọrin nínú ilé ìdáná. Orin àjọ̀dún yẹn ni. Ó ṣì lóhùn, àjẹ́!

Ẹtì, 29

Ó di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo gbìyànjú àpótí rẹ̀ wò, kò ṣe é gbé. Mo ní, "Ṣé òkè lo ń kó lọ sí Kalifóníà ni?" Ó ní, "Díẹ̀ nínú rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ó ń bọ̀ wá mọ ẹ̀fẹ̀ lójú ogbó.

Àbámẹ́ta, 30

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́. Òkun ń fì.

A dé èbúté Calheta láàárọ̀. Mo gbé àpótí mi, mo ń wọ́ tirẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ló dúró. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo gbàgbé ìborùn mi lórí ògiri yẹn. Gbé ẹrù wọlé, mò ń bọ̀." Mo ní kó yára o, kí ọkọ̀ má baà fi ìyá mi sílẹ̀. Agbẹ́rù rẹ́rìn-ín. Mo wọ́ àpótí náà débi ìjókòó, òógùn bò mí. Mo gba àyè méjì, mo fi fìlà mi sórí tirẹ̀.

Wọ́n fa àtẹ̀gùn sókè. Mo kígbe sí wọn pé ó ku èèyàn kan. Atukọ̀ ní, "Bàbá, ìyá sọ fún wa pé àwọn ò lọ."

Mo jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Wọ́n tò sórí èbúté. Idalina, ìborùn rẹ̀ lọ́rùn. Filomena lápá ọ̀tún rẹ̀. Gaudêncio, apá rẹ̀ nínú ọ̀já, ó fi ọ̀pá ti ara. Zeferino náà wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù ọjọ́ Àìkú, ìdì báńgà rẹ̀ ti padà sábẹ́ apá rẹ̀. Mo juwọ́. Kò sí ẹni tó juwọ́ padà nínú wọn. Mo pè é. Mi ò pe Ìkùnsínú, Idalina ni mo pè. Ẹ́ńjìnnì bò mí lóhùn.

Ó yíjú sí Zeferino, ó fún un ní nǹkan kan. Ìṣáná ni. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Báńgà fò sókè, ó bú lórí omi.

Àwọn èrò ọkọ̀ gbé ojú sókè. Arákùnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì ní, "Kí lèyí láàárọ̀ kùtù? Màlúù wo ló wọ àpótí?" Obìnrin kan dáhùn, "Èyí ó wù kó jẹ́, ọ̀nà ti dára nìyẹn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a kò rí èbúté mọ́, mo ṣí àpótí rẹ̀. Òkúta etíkun ló kún inú rẹ̀, dúdú, ó fi ìwé ìròyìn dì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹyin. Igi báńgà wà lórí gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ti jóná, ewé kókò gbígbẹ kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi ni mo wọ́ ọ gun ọkọ̀ fúnra mi. Òógùn bò mí!

Eré tó gbámúṣé ni. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ ọ́ fún un. Fìlà mi nìkan ló wà níbẹ̀.