Ìkùukùu Tí Mo Kan Bẹ́ẹ̀dì Fún

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí káfíńtà,

Orí bẹ́ńṣì iṣẹ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, torí náà bí o bá rí ìyẹ̀fun igi nínú ẹ̀, gbọ̀n ọ́n nù. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ nígboro kò ní tòògbé. Ìyá ẹ ń jẹun, ó sì ń bá mi jà dáadáa, ìyẹn ni pé ara ẹ̀ yá. Òrùlé tó ń jò náà ti ṣíwọ́, torí òjò ò rọ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá ẹ ló wà lọ́kàn mi. Ó dúdú, ó rí wúruwùru, nǹkan kan wá ká jọ sí àárín ẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. O kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí o ti ń retí ẹ̀, pé ó wá fojú hàn níkẹyìn. Kí lo fẹ́ ká rò? Ìyá ẹ fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ bá ìyá agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì nílé kejì, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ní fọ́tò ọmọ inú oyún tí wọ́n ń yà ní ọsibítù ni, pé orí ọmọ ti dojú kọlẹ̀. Mo bínú díẹ̀ pé o ò mú ọmọbìnrin náà wá ká mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán mo ti dárí jì ẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo wo ilé, mo ti rí orúkọ. Igi tí oníbàárà ní kí n fi kan àga ni mo fi kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, ìyá ẹ sì hun fìlà sí i.

Àfi bí o ṣe pè tí o ní ìkùukùu ni, pé láàárín àwọn ìràwọ̀ ló wà, pé inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀. Ìyá agbẹ̀bí ní ṣé a rí i, àwọn ò kúkú jìnnà sí òótọ́.

O ní kámẹ́rà ẹ wà lórí ẹ̀rọ tó ń yí tẹ̀lé ọ̀run, pé ojú kan náà lo ń yà lóríṣiríṣi ìgbà, tí o wá tò wọ́n léra nínú kọ̀ǹpútà kó tó jáde. Ọmọ mi, ta ló ta kámẹ́rà yẹn fún ẹ? Ayàwòrán tó ya ìgbéyàwó wa, ẹ̀ẹ̀kan ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa la jáde, títí kan ewúrẹ́ tó ń kọjá lẹ́yìn.

Èyí tó wọ̀ mí lára ni pé o ní ìmọ́lẹ̀ ìkùukùu náà ti kúrò nílé kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, pé bó ṣe rí nígbà yẹn lò ń rí, o ò mọ bó ṣe wà báyìí. Bí o ṣe ń rí àwa náà nìyẹn. Nígbà tí o lọ, irun mi dúdú, ìyá ẹ ò mọ ọ̀pá í lò. Lórí fóònù, ò ń bá àwọn ẹni àná yẹn sọ̀rọ̀ ni. Àárò ẹ ń sọ wá gan-an.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ kì í ṣe tèmi. Kí o tó tún ra dígí míì fún kámẹ́rà yẹn, yọ owó ọkọ̀ nínú ẹ̀, kí o fi wálé. Gbé kámẹ́rà náà dání. Àwa ò jìnnà tó ìkùukùu, ojúmọmọ la máa jókòó fún ẹ, ẹ̀ẹ̀kan ni wàá tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà níbí, n kò tà á, fọ́tò ìkùukùu ẹ, tí a ní kí wọ́n tẹ̀ jáde, ló ń sùn nínú ẹ̀ báyìí.

Ojú tí o fi ń wo ọ̀run kò ní ṣú. Ọlọ́run á jẹ́ kí o bá wa láyé.

Èmi ni, bàbá ẹ.