Èèpo Igi Nídìí Àìwọ́wé

Àbámẹ́ta, 21 Sẹ́tẹ́ńbà 2024
Oyinkán fi igi ránṣẹ́ — òun fúnra rẹ̀ kò wá. Láti Rexdale sí Brampton níbí, bọ́ọ̀sì méjì péré! Ẹ̀bùn ìṣílé Akin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Sídà ni wọ́n ń pè é, kì í wọ́wé nígbà òtútù. Mo sọ ọ́ ní Àìwọ́wé. Akin wò ó, ó ní, "Okay." Okay! Láti oṣù kẹfà tí kò ti lọ síbi ìgbàwé-jáde àbúrò rẹ̀ nítorí shift, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ihò, mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìṣẹ́gun, 24
Èèpo igi wẹ́wẹ́ kún ìdí Àìwọ́wé. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ibí yìí! Mo gbá a mọ́ tónítóní. Ìdí igi tó dọ̀tí, ejò ló ń pè.

Ẹtì, 27
Ó tún kún. Mo tún gbá a.

Ọjọ́rú, 2 Ọ̀kítóbà
Ewé rẹ̀ ń pọ́n bíi tábà. Mo sọ fún Akin. "Mummy, it's fine." Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Oyinkán pè, ó ní òun ń bọ̀ ní Thanksgiving, ìsinmi ìdúpẹ́ wọn níbí ní ọjọ́ kẹrìnlá, báwo ni igi òun? Mo ní ó wà dáadáa. Olúwa, dárí jì mí. Tó bá bá a ní òkú, yóò ní ẹ̀gbọ́n òun ló mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Kò ní í tẹ ilé yìí mọ́.

Àbámẹ́ta, 5
Gbá. Bomi rin. Gbàdúrà.

Ọjọ́bọ̀, 10
Mo tètè jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Akin rèé tó lóṣòó sídìí igi nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń da èèpo sílẹ̀ láti inú àpò ńlá kan.
"Mummy! Ẹ̀yin ni? I thought it was raccoons! Àpò kẹta rèé!"
Ó ti rò pé ẹranko òru ibí tó máa ń tú ilẹ̀ ni. Ó ní èèpo yẹn ló ń bo gbòǹgbò kó má bàa gbẹ, kí òtútù má sì pa á. Èmi ń gbá a dànù! Mo ní kí ló dé tí kò sọ pé òun ń tọ́jú ẹ̀. Ó wolẹ̀.
"Ṣebí Oyinkán ló fi ránṣẹ́."

Ajé, 14
Oyinkán dé. Kò tíì wọlé: "Who did this to my tree?"
Mo la ẹnu — Akin ti nawọ́ sí mi. "Bi Mummy. Wọ́n ń gbá ìdí ẹ̀ bí ẹni ń gbá àgbàlá n'Íbàdàn."
Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jẹun tán. Mo díbọ́n pé mò ń bínú.
Oyinkán fi ọwọ́ tú èèpo wò, ó ní gbòǹgbò ṣì tutù, kò ní í kú. Ó wá gba ìgbálẹ̀ mi, ó gbé e lọ sí Rexdale. Akin ní òun máa fi mọ́tò gbé mí lọ gbà á ní Sátidé.

Mi ò tíì sọ fún wọn pé mo ní òmíràn.