Búrọ́ọ̀ṣì Tí Kì Í Ṣe Tiyín

Bàbá mi,

Láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo háyà ní Savalou. Màá ki ọwọ́ òsì bọ inú bàtà, màá fi àkísà pa sìráàjì dúdú sí i, màá tu itọ́ díẹ̀ lé e, màá wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó láti gìgísẹ̀ wá síwájú, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Búrọ́ọ̀ṣì tó wà nínú báàgì yín tí sójà kan mú wá sílé ni. Kì í ṣe tiyín. Ẹ fi ìṣó gbígbóná kọ orúkọ sí ìdí tiyín. Mi ò tíì sọ fún Màmá.

Ọjọ́ tí ẹ pè wá láti ojú ogun, ẹ ní wọ́n ti kéde rètírẹ̀, pé wọ́n ń kó gbogbo yín bọ̀ wálé. Màmá gbọ́ ọ sí rètírẹ́ẹ̀tì. Ó sọ fún gbogbo àdúgbò ní Bantè pé ọkọ òun ti fẹ̀yìn tì. Ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ò tún un ṣe. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni báàgì yín dé, pẹ̀lú ìròyìn ikú yín. Bí wọ́n bá ti ń kó yín bọ̀, kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀? Sójà náà ní ẹrù tó kù lẹ̀ ń ṣọ́. Bàtà rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Olùkọ́ wa ti wá pín kíláàsì sí méjì fún àríyànjiyàn: ṣé kí àwọn sójà wa dúró sí ogun ilẹ̀ òkèèrè, àbí kí wọ́n padà? Ó fi mí sọ́dọ̀ àwọn tó ní kí wọ́n dúró. Ta ló sọ fún un pé ọmọ sójà ni mí? Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ níbí. Èdè Mahi ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Lánàá, mo dìde láti sọ rètírẹ̀, rètírẹ́ẹ̀tì ló jáde lẹ́nu mi, bíi ti Màmá gẹ́lẹ́.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní, “Ìyá àgbà Bantè, ṣé kí á gbẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ fún àwọn sójà ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì ń kọ mí lóminú jù.

Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, bàbá ẹlòmíì ni mò ń rán lọ. Bí mo bá ní kí wọ́n padà, kí wá lẹ kú fún? Ìhà wo lẹ̀yin ì bá wà, Bàbá?

Lọ́la, màá gbé búrọ́ọ̀ṣì yìí sórí tábìlì olùkọ́. Màá bèèrè ẹni tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ kẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti kó gbogbo sójà kúrò. Màá sì máa wo ojú rẹ̀, bóyá bàtà lòun náà á wò.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń mú bàtà dán bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ.