Wọ́n Ní Kí N Máníìjì

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹwàá, 1984
Ọ̀gá Páànù — ọkọ mi Sàlàhúdíìnì, tí ó ń ta páànù ìbolé ní Kútọ̀ — sọ fún mi nídìí oúnjẹ àárọ̀ pé òun yóò gbé Bùsírátù, ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀, ní ìyàwó kejì. Kò béèrè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé òjò ṣú. Ẹ̀sìn fún un láyè. N kò bá ẹ̀sìn jà. Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn tí ó kọ́ fún ìyàwó kò tíì ní òrùlé. Ẹni tí ń ta páànù! Nítorí náà, yàrá tèmi ni ìyàwó yóò wọ̀.
"Ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ máníìjì ẹ̀ ná." Ó sì gbé ife tíì rẹ̀ mu.

Ẹtì, 5
Mo ro ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí títí ní ibi iṣẹ́. Ní Pólì, olùkọ́ wa ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn gba àkóso, kí ó ṣètò, kí ó sì jíhìn. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn ní sítọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá. Ní ìgboro ńkọ́? Télọ̀ rán apá búbà fún pinpin — ẹ máníìjì ẹ̀. Búrẹ́dì kéré, ó tún le — ẹ máníìjì ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àìdáa kì í máníìjì. Ẹni tí a ṣe é sí ni.

Àbámẹ́ta, 6
Àlàájà, ìyá ọkọ mi, wá gbà mí níyànjú. Wọ́n ní àwọn àti ìyálé àwọn jọ lo yàrá kan títí ọmọ fi kún un. Mo béèrè bóyá wọ́n gbádùn rẹ̀. Wọ́n tún gèlè wé kí wọ́n tó fèsì.
"Ìyá Títílọlá, a kì í gbádùn ẹ̀. À ń máníìjì ẹ̀ ni."

Ọjọ́rú, 10
Wọ́n gbé ibùsùn kejì wọ yàrá mi. Tábìlì ìwé mi bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Òjò pa á.

Ọjọ́bọ̀, 11
Ilé òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní Ọ̀dẹ̀dá, tí Ọ̀gá Páànù ní kí n kọ̀ lọ́dún tó kọjá, ṣì ṣófo. Mo gba kọ́kọ́rọ́.

Àìkú, 14
Wọ́n mú ìyàwó dé. Nílé yìí, ìyálé ni í da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ kí ó tó wọlé. Gbogbo obìnrin ilé ń wò mí bóyá n ó kọ̀. N kò kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì — ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin. Kì í ṣe òun ni mo ń bá jà. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá mi lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni pín in. Wọ́n ṣì ń yìn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé àpótí mi jáde, tí mo fa Títílọlá lọ́wọ́.
Ọ̀gá Páànù sáré tẹ̀lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ó rọra béèrè, nítorí àwọn àlejò, ohun tí òun yóò wí fún àwọn ènìyàn.
"Ẹ máníìjì ẹ̀," ni mo wí.

Ajé, 15
Ọ̀dẹ̀dá. Orí ẹní la sùn. Títílọlá wo yàrá òfìfo náà yíká.
"Màámi, ṣé a máa máníìjì ẹ̀ ni?"
Mo ní rárá. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́sàn-án.