Àrọ̀ Òkun Tó Gún Bàbá Lọ́wọ́

Yàrá Kẹta, Ilé Òṣìṣẹ́,
Ibùdó Ìwádìí Ẹja.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ojú omi o, ẹ sì kú ìdúró nídìí iná. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ìyàwó yín àti àwọn ìbejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ọkọ̀ lẹ wà, pé lẹ́tà yìí ni yóò máa dúró dè yín ní èbúté. Ara tèmi le. Ti Bàbá ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ rántí àrọ̀ òkun, ẹja onírùngbọ̀n tí kò ní ìpẹ́ yẹn, tó ń gbé inú omi ẹlẹ́rẹ̀ níbi tí odò ti ń wọ òkun. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí Bàbá bá mú èyí tó kó ẹyin sẹ́nu, a máa ń rò pé ẹyin ẹlẹ́yin ló ń jẹ. Níbi iṣẹ́ mi, níbi tí mo ti ń la inú ẹja wò, ni mo ti wá rí i pé akọ ni gbogbo wọn. Abo á yé ẹyin, kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ọmọ ayò. Akọ ni yóò kó wọn sẹ́nu fún bí oṣù méjì láìjẹun, títí àwọn ọmọ yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́ lọ sáàárín gbòǹgbò igi etí omi. Bí mo bá la ikùn irú wọn, òfìfo ni mo máa ń bá.

Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún Bàbá. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí, ẹ ò ní pẹ́ sọ pé ẹja ń pọnmọ." Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí ẹyin lẹ́nu ẹja, á dá a padà sómi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí apẹja ń ṣe fún àrọ̀ òkun ni pé kó fi kùmọ̀ ṣẹ́ ẹ̀gún rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí olóró ni wọ́n, wọ́n sì ní eyín bí ayùn. Èyí tí Bàbá fẹ́ dá padà, kò ṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní kí ni yóò fi gbèjà ara rẹ̀? Ọwọ́ lásán ló fi gbé e, jẹ́jẹ́, kí ẹyin má bàa dà nù. Ẹja náà ta pàrà, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún Bàbá, ó sì kán sínú. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí.

Ẹ mọ agídí rẹ̀. Ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó fi àkísà dì í, ó ní irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ ti gún òun rí, kò pa òun. Ọjọ́ kẹrin ni aládùúgbò tó pè mí. Nígbà tí mo fi dé, ọwọ́ náà ti dúdú kọjá ọrùn ọwọ́, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà ní àfi kí wọ́n gé e lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá yóò kú. Bàbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé ọwọ́ tí òun fi ń fa àwọ̀n, àfi bí àkọ́bí òun bá ní kí wọ́n gé e.

Mo pè yín títí, fóònù yín kò lọ. Mo bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé fóònù sétí, mo ń dá sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀yin ni mò ń bá sọ ọ́. Mo padà wọlé, mo ní, "Bàbá, Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n gé e."

Ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, ó na àtàǹpàkò òsì, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé àṣẹ tí dókítà gbé wá.

Wọ́n gé e, ó sì yè. Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yín mọ́. Ó ní ọmọ tó ń dáná fún àjèjì lójú omi ló ní kí wọ́n sọ òun di aláàbọ̀ ara, pé kí ẹ má wá. Mo mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ojú ń tì mí, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ má tíì sọ fún un pé ẹ̀yin kọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń tú ọgbẹ́ náà tí mo tún ń dì í. Bó bá mọ̀, kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kó máa bínú sí yín. Ẹ̀yin jìnnà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ìbejì. Ẹ ní kí wọ́n má kọ̀wé sí Bàbá báyìí. Eyín ló fi fa èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn ya.

Èmi ni àbúrò yín tó fi orúkọ yín gé ọwọ́ Bàbá,

Àbígbẹ̀yìn.