Omi Àkọ́kọ́ Tí Wọ́n Ní Ìyá Mi Pọn

                                        Ilé Lùkúmọ̀n,
                                        Ẹ̀bá títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀,
                                        Ìkirè,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ìrètí, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá oníṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ rẹ, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ará Àkúrẹ́ ńkọ́, àbí wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tí kì í rántí ilé mọ́? Mo mọ̀ pé o máa ní èmi gan-an ni mi ò kọ̀wé. Òótọ́ ni, má bínú. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dà bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́nu. Alhamdulilahi, gbogbo wa la wà láàyè. Dòdò ń tà, Qaosarat ọmọ mi sì ti mọ̀ ọ́n dín ju èmi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní sọ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bébà àti bírò. Ìrètí, ìyá mi lọ sí kóòtù! Má pariwo, wọn ò jalè. Wọ́n lọ jẹ́rìí ni, ní kóòtù àkànṣe tí wọ́n yà sọ́tọ̀ l'Óṣogbo fún àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ. Ìyá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí kò ka ìwé kankan rí ju Kùránì lọ! Inú mi dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí iná, àwọn oníbàárà á máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀rọ ló fà á. O mọ abúlé wa lẹ́yìn Ìkirè-Ilé, o sì mọ odò tí a jọ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn nígbà tí o bá wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Odò yẹn náà ni wọ́n ṣì ń mu. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìjọba gbé owó kànga ẹ̀rọ jáde fún abúlé náà. Ẹni tí iṣẹ́ ọ̀hún wà lábẹ́ rẹ̀ ni Adémúyìwá, ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Àpòmù. Múyìwá yìí, ìyá mi ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i, ìyá mi náà ló ń rọ ọ́ lẹ́kọ nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ gúnlẹ̀. Òun àti agbaṣẹ́ṣe kan bá di ìmọ̀ pọ̀. Wọn ò fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti gbẹ́ kànga, àwọn ti ṣí i, wọ́n sì fi fọ́tò kànga ibòmíràn mọ́ ọn.

Wàyí o, ìwọ náà mọ àṣà wa. Wọn kì í ṣí kànga tuntun ní abúlé wa àfi kí obìnrin tó dàgbà jù kọ́kọ́ pọn omi àkọ́kọ́, kí ó fi bọ́jú, kí ó sì dárúkọ àwọn àgbà tó ti lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ò kà á sí kànga. Ọmọ onílé ni Múyìwá, àṣà yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó ń kọ irọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò gbà á kó fo ibẹ̀. Ó kọ ọ́ gbàgàdà pé Ìyá Sàlámọ̀tù, ẹni tó dàgbà jù láàárín àwọn obìnrin abúlé, ló pọn omi àkọ́kọ́, tó sì ṣàdúrà fún ìjọba. Àjèjì wo ló máa ronú kọ irú ẹ̀? Ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn o! Àwọn oníwàádìí dé abúlé, wọ́n ní ta ló ń jẹ́ Sàlámọ̀tù, ìyá mi ní àwọn ni. Wọ́n ní kí ìyá mi jọ̀ọ́ mú àwọn lọ síbi kànga tí wọ́n pọn. Ìyá mi ní, "Kànga wo?"

Nígbà tí ìwé ìpè dé láti kóòtù, ilé dàrú. Àbúrò ìyá mi, Ìyá Múyìwá, wá láti Àpòmù, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sunkún. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n wọn ṣáà sọ fún adájọ́ pé ogbó ti dé, àwọn ò rántí. Ìrètí, mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi náà bá wọn kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ wo ti Ọlọ́hun. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣ'ọ̀rẹ́." Ìyá mi wò mí títí. Wọ́n ní, "Rábíátù, orúkọ mi ló kọ, kì í ṣe orúkọ rẹ. Bí mo bá ní mi ò rántí, irọ́ ti bá mi pọn omi náà tán nìyẹn." Ojú tì mí, mo dìde.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Múyìwá ò wá sílé wa mọ́. Iléyá dé, wọn ò fi ẹran ránṣẹ́. Èyí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n dá a padà. Ìyá mi gbé ẹran náà síwájú, wọn ò lè jẹ ẹ́. Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé ni.

Lọ́yà ìjọba, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwaṣeunfúnmi, ẹnu rẹ̀ mú bíi tìrẹ gẹ́lẹ́, ló là mí lóye nípa kóòtù yìí. Ó ní nígbà kan rí, àárín ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ogún ni ẹjọ́ owó ìlú máa ń há sí, á máa fà títí ẹlẹ́rìí á fi kú. Ọdún 2000 ni òfin ti ní kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya adájọ́ sọ́tọ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì parí rẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ṣì ń falẹ̀, ó di ọdún 2017 tí adájọ́ àgbà gbogbo Nàìjíríà fi tún pàṣẹ pé kí wọ́n ya àwọn kóòtù sọ́tọ̀. Mo bi í pé ṣé tiwa máa parí láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa gbàdúrà." Oṣù mọ́kànlá ló gbà. Lójú tèmi, ó yá! Ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá ọkọ mi ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá náà sì ti kú sídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kan ìyá mi, wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi kírun Iléyá, wọ́n fi Kùránì búra. Lọ́yà Múyìwá dìde, ọkùnrin gíga kan báyìí, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní, "Ìyá, ẹ ti dàgbà. Ṣé kì í ṣe pé ẹ pọn omi yìí, tí ẹ kàn gbàgbé?" Mo wo Múyìwá níbi tó dúró sí, ilẹ̀ ló ń wò.

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, kànga mẹ́ta ni wọ́n ti gbẹ́ lábúlé wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Èkíní, ìyá bàbá mi ló pọn ún, mo di etí ìró wọn mú, omi náà pupa nítorí amọ̀. Èkejì, ìyàwó Lèmọ́mù ló pọn ún, lọ́dún tí àwọn ológun kọ́kọ́ gbàjọba. Igbá jábọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún un pọn. Ẹ̀kẹta, ìyá tó bí mi ni. Wọn ò ríran mọ́, èmi ni mo fi ọwọ́ wọn lé okùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbẹ. Ẹ̀kẹrin ló kàn mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀. Ẹ ní mo gbàgbé? Ẹ mú mi lọ síbẹ̀, kí n lè rántí."

Ìrètí, ògbifọ̀ gan-an gbàgbé láti túmọ̀, adájọ́ ní kó má wulẹ̀ ṣèyọnu, òun ti gbọ́. Lọ́yà náà rọra jókòó. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, ọlọ́pàá kan bá ranjú mọ́ mi, mo kó ọwọ́ mi sábẹ́ ìborùn. Ṣùgbọ́n nínú mi, ariwo ni mo ń pa: ìyá mi nìyẹn o, ìyá tó bí mi nìyẹn!

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n dá ẹjọ́ náà. Adájọ́ ní ẹ̀rí ìyá tí kò mọ̀wé yìí wúwo ju gbogbo ìwé tí wọ́n dì wá lọ. Ó rán Múyìwá àti agbaṣẹ́ṣe náà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó sì ní kí wọ́n dá owó kànga padà. Bí owó bá dé ni wọ́n máa tó gbẹ́ ẹ. Àwọn ará abúlé ń kí ìyá mi kú oríire, ṣùgbọ́n ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń mú Múyìwá jáde, ìyá mi rọra pè é ní oríkì, "Àkànní." Ó yíjú padà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àwọn wọ́dà ò jẹ́. Ìgbà yẹn ni ìyá mi sunkún, èmi náà sun ún.

Nígbà tí a ń bọ̀, ìyá mi ní kí awakọ̀ yà sí Àpòmù. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe lónìí, wọ́n á bú yín. Wọ́n ní bí wọ́n bá bú àwọn, àbúrò àwọn náà ló bú àwọn. A bá Ìyá Múyìwá lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé, ojú wọn ti wú. Wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí wọn. Ìyá mi bọ́ bàtà, wọ́n jókòó lórí ẹní kan náà, wọ́n bu ẹ̀gúsí síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ìyá mi ò bẹ̀bẹ̀, wọn ò sì ṣàlàyé. Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Àwọn ìyá méjèèjì bó o títí abọ́ fi kún. Ìyá Múyìwá wá gbójú sókè, wọ́n wo aṣọ funfun tí ìyá mi tún wọ̀ lọ sí kóòtù lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyá mi ní àwọn ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Àbúrò wọn dìde, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára, wọ́n lọ dá iná.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ. Lùkúmọ̀n ọkọ mi ní kí n kí ọ, ìyá mi náà kí ọ gan-an.

Tìrẹ ni mí, lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Rábíátù, ọmọ Sàlámọ̀tù.