Ohun Tó Wà Nínú Fíríìjì Kì í Ṣe Ẹ̀fọ́

Àbúrò mi,

Mo ti jáde, mi ò fẹ́ jí ẹ. Ọ̀gá pè mí láti yàrá àyẹ̀wò láago mẹ́fà. Ó ní, "Ìyá Ewéko, ó tún ṣiṣẹ́ o." Ìgbà kẹta nìyẹn. Ká ní kò ṣiṣẹ́ lónìí ni, wọn ì bá pa iṣẹ́ náà tì.

A da ohun tó ń mú ara wú sórí sẹ́ẹ̀lì awọ ara èèyàn nínú abọ́ méjì, a sì fi oje ewéko òkun sí ọ̀kan. Inú ṣì ń bí sẹ́ẹ̀lì abọ́ tí kò gba oje. Ti ewéko ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù méjì ni mo fi fọ ìgò níbẹ̀, tí mo ń ti ibẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ẹni tó máa ń sọ pé "Máa fọ ìgò ẹ lọ" ló gba fóònù lọ́wọ́ ọ̀gá láàárọ̀ yìí, tó ń bi mí bí mo ṣe fún oje náà.

Má fọwọ́ kan ike onídèérí pupa inú fíríìjì, ewéko òkun náà ló wà nínú ẹ̀. Èyí tí o sè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí o ní iyọ̀ ẹ̀ pọ̀, inú omi òkun tó dé orúnkún ni mo ti lọ já òmíràn dípò ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn, má bínú.

Má sì fi oje ẹ̀ pa ìgbọ̀nwọ́ tó ń yún ẹ. Sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ nìkan ló ti ṣiṣẹ́ fún. Ìpara dókítà ni kó o lò. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ni mo rò tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn sọ fún ẹ ni.

Láti òní lọ, ẹni tó bá tún pe ewéko mi ní pàǹtí òkun nínú ilé yìí ni yóò máa fọ abọ́. Èmi ti fọ tèmi tán.

Ẹ̀gbọ́n ẹ